Ojúlówó Àtùpà Ọkọ̀ Àtijọ́: Bí Àwọn Olùkójọ Ṣe Ń Dá A Mọ̀

Lára gbogbo ohun tí wọ́n kàn mọ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n ṣe ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìíní, àtùpà ló máa ń tètè sọnù jù. Ẹ́ńjìnnì wúwo, ẹnì kan kò lè dá gbé e. Àtùpà idẹ ní tirẹ̀ rọrùn láti tú, ó ń dán, àwọn tó ń ra àlòkù idẹ fún yíyọ́ sì ṣetán láti sanwó lé e. Nígbà tí iná mànàmáná wọ inú ọkọ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tó ni ọkọ̀ ló tú àtùpà wọn dànù. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí ìjọba Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì ń rọ ará ìlú láti kó àlòkù irin àti idẹ jọ fún iṣẹ́ ogun, ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù tún dín kù. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ ọdún 1910 fi lè wà lónìí, kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa ṣiṣẹ́, kí ìjókòó aláwọ rẹ̀ wà bó ṣe wà, kí ó sì jẹ́ pé àtùpà tó wà lójú rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀.

Wíwá àtùpà tó tọ́ sí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, àti mímọ ojúlówó nígbà tí a bá rí i, ti di ìmọ̀ kan lọ́tọ̀ láàárín àwọn tó ń tọ́jú ọkọ̀ àtijọ́. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ Veteran Car Club ti wà láti 1930. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n dá Antique Automobile Club of America sílẹ̀ ní Philadelphia ní 1935, Horseless Carriage Club of America sì tẹ̀lé e ní Los Angeles ní 1937. Oṣù kẹwàá ọdọọdún ni ọjà ńlá àwọn ará Amẹ́ríkà ń wáyé nílùú Hershey ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, tí àtùpà, rédíétọ̀, fèrè àti táyà àtijọ́ máa ń tẹ́ rẹrẹ. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà ní Beaulieu láti 1967. Ẹni tó bá dé irú ọjà bẹ́ẹ̀ láìmọ ohun tó ń wò yóò rí idẹ tó ń dán, yóò sì rò pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn.

Kí a tó lè mọ àtùpà, a ní láti mọ irú iná tí wọ́n ṣe é fún. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe láàárín nǹkan bí 1900 sí 1912 sábà máa ń gbé irú iná méjì pọ̀. Àtùpà ẹ̀gbẹ́ méjì, tó wà nítòsí ibi tí awakọ̀ jókòó sí, àti àtùpà ẹ̀yìn kan ṣoṣo ń jó òwú tí wọ́n rì sínú kẹrosíìnì. Nígbà mìíràn, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe láńtánì ilé náà ló ń ṣe é: R. E. Dietz ti New York, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fìtílà ní 1840, ṣe àtùpà ọkọ̀ pẹ̀lú àwọn láńtánì tí ayé mọ̀ ọ́n sí. Iná kẹrosíìnì yìí kò lágbára tó láti fi ọ̀nà han awakọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí àwọn ẹlòmíràn lè rí i pé ọkọ̀ kan ń bọ̀.

Àtùpà ńlá iwájú ló ń fi ọ̀nà hàn, gáàsì asẹ́tílíìnì ló sì ń lò. Ọmọ Yorùbá tó bá ti tẹ̀lé ọdẹ wọ igbó lóru rí kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí, nítorí iná kábáìdì tí ọdẹ ń dè mórí náà ni: kábáìdì nísàlẹ̀, omi lókè tó ń kán sí i díẹ̀díẹ̀, gáàsì ń jáde, iná funfun kan sì ń tàn níwájú dígí. Àwọn wẹ́dà wa lẹ́bàá títì náà mọ òórùn rẹ̀ dáadáa. Ní 1892 ni Thomas Willson, ọmọ ilẹ̀ Kánádà, ṣàwárí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà fi iná mànàmáná ṣe kábáìdì lọ́pọ̀ yanturu, nílùú Spray ní North Carolina. Ohun mìíràn ló ń wá tó fi bọ́ sórí rẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí kábáìdì fi dé orí kẹ̀kẹ́ ológeere, tó sì tibẹ̀ dé ojú ọkọ̀.

Nínú àwọn àtùpà tó dàgbà jù, ìkòkò kábáìdì so mọ́ ẹ̀yìn àtùpà fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yọ ọ́ lọ́tọ̀: agolo idẹ kan dúró lórí pátákó ìtẹ̀sẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó ń fi rọ́bà tàbí páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ bọ́ àtùpà méjèèjì. Ìyàtọ̀ yìí nìkan ti tó láti sọ bóyá àtùpà kan bá ọjọ́ orí ọkọ̀ mu. Agolo yẹn sì ní wàhálà tirẹ̀. Ẹrẹ̀ funfun tí kábáìdì ń fi sílẹ̀ gbọ́dọ̀ di fífọ̀ lẹ́yìn ìrìn àjò kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni omi inú rẹ̀ ń di yìnyín nígbà òtútù. Ní 1904, Carl Fisher àti James Allison bẹ̀rẹ̀ sí í ta gáàsì náà nínú sílíńdà ní Indianapolis. Ilé iṣẹ́ yìí ló di Prest-O-Lite. Wọ́n fi ohun oníhò wẹ́wẹ́ dí inú sílíńdà náà, wọ́n da kẹ́míkà asẹtóònù sí i, kí gáàsì lè wọnú rẹ̀ láìbú gbàmù. Owó tí wọ́n rí níbẹ̀ wà lára ohun tí àwọn méjèèjì fi bá àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dá pápá eré ìje ọkọ̀ Indianapolis sílẹ̀ ní 1909. Ohun tó kan olùkójọ nínú ìtàn yìí ni pé ọ̀pọ̀ onímọ́tò ju agolo kábáìdì wọn nù nígbà tí sílíńdà dé. Nítorí náà, ọkọ̀ 1909 tó ní sílíńdà tí kò ní agolo lè jẹ́ ọkọ̀ tó pé, bó ṣe wà lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ rà á gan-an.

Ẹ̀kọ́ ààbò kan wà níbí tí mi ò lè fò dá. Ẹni tó bá fẹ́ tan irú àtùpà bẹ́ẹ̀ lónìí kò gbọ́dọ̀ fi páìpù bàbà lásán gbé gáàsì rẹ̀. Asẹ́tílíìnì àti bàbà lè para pọ̀ di ohun tó ń bú gbàmù bí nǹkan bá kàn án. Ọ̀rọ̀ dígí kọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹnikẹ́ni má ṣe la sílíńdà àtijọ́ láti wo inú rẹ̀, nítorí asibẹ́sítọ́ọ̀sì wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Nísinsìnyí, orúkọ. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ kì í sábà ṣe àtùpà. Wọ́n ń rà á lọ́wọ́ àwọn tó mọṣẹ́ idẹ, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń ṣe àtùpà fún kẹ̀kẹ́ ẹṣin tẹ́lẹ̀. Ní Amesbury ní Massachusetts, ìlú tí kẹ̀kẹ́ ẹṣin sọ di olókìkí, Gray & Davis ṣe àwọn àtùpà tí àwọn olówó ń fi sí ọkọ̀ wọn. Badger Brass ti Kenosha ní Wisconsin ló ṣe èyí tó ń jẹ́ Solar. Rushmore wà ní Plainfield ní New Jersey, Edmunds & Jones, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní E&J, wà ní Detroit, Corcoran àti Victor wà ní Cincinnati, Jno. W. Brown wà ní Columbus ní Ohio. Ní Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Joseph Lucas ti ń fi orúkọ King of the Road ta àtùpà kẹ̀kẹ́ ológeere kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó dé rárá, ó sì gbé orúkọ náà wọ ti ọkọ̀. Powell & Hanmer jẹ́ alábàádíje rẹ̀ nílùú kan náà, kí Lucas tó rà á ní 1929. Ní Faransé, àtùpà ọkọ̀ ni Louis Blériot fi di olówó. Èrè orí gáàsì àti idẹ yẹn ló ná sórí ìwádìí ọkọ̀ òfuurufú, títí ó fi fò kọjá òkun láti Faransé dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 25 oṣù keje, 1909. Mo fẹ́ràn kí n máa rántí èyí nígbàkigbà tí mo bá rí orúkọ rẹ̀ lára àtùpà.

Orúkọ olùṣe máa ń wà lára àwo pẹlẹbẹ kékeré kan tí wọ́n fi òjé jó mọ́ ara àtùpà, tàbí kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára idẹ gan-an, lórí, lẹ́yìn tàbí nísàlẹ̀. Nọ́ńbà irú rẹ̀ sábà máa ń wà níbẹ̀, ìgbà mìíràn sì wà tí ọjọ́ páténtì á tẹ̀lé e. Ọjọ́ yìí ló ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Bí wọ́n bá kọ 1908 síbẹ̀, ó túmọ̀ sí pé wọn kò ṣe àtùpà náà ṣáájú 1908. Kò sọ pé 1908 ni wọ́n ṣe é. Ilé iṣẹ́ kan lè fi irinṣẹ́ kan náà tẹ ọ̀rọ̀ kan náà fún ọdún mélòó kan. Ẹni tó bá ra àtùpà torí pé ọdún tó wà lára rẹ̀ bá ti ọkọ̀ rẹ̀ mu ti fi ìlàjì ẹ̀rí ṣèdájọ́.

Àwo orúkọ sì ṣeé jó kúrò lára àtùpà tó ti bàjẹ́ kí wọ́n jó o mọ́ èyí tí kò ní orúkọ. Nítorí náà, àwọn tó mọ̀ ọ́n wò máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ènìyàn kì í rò láti ṣayédèrú. Wọ́n á ṣílẹ̀kùn àtùpà, wọ́n á wo inú. Àtùpà tó ti jó lóòótọ́ ní èéfín tó ti wọ idẹ lára nínú ihò òkè rẹ̀, níbi tí aṣọ kò lè dé. Wọ́n á wo ẹnu iná. Ti gáàsì sábà máa ń jẹ́ ẹ̀ka méjì tó kọjú síra, tí gáàsì láti ọ̀tún àti òsì á pàdé láàárín, tí iná á sì tẹ́ bí ìrù ẹja. Òkúta ọṣẹ ni wọ́n fi ṣe orí ẹ̀ka méjèèjì, irú òkúta tí wọ́n fi gbẹ́ ère Èsìẹ́, nítorí kò bẹ̀rù iná, ó sì ṣeé lu ní ihò tó kéré gan-an. Bí ẹnu iná yìí kò bá sí mọ́, tí ihò tuntun kan sì wà nísàlẹ̀, a jẹ́ pé ẹnì kan ti sọ àtùpà náà di ti mànàmáná, bóyá ní 1915, bóyá ní 1960 nígbà tó ń fi í ṣe àtùpà orí tábìlì.

Dígí ẹ̀yìn iná náà ń sọ̀rọ̀. Nínú àwọn àtùpà olówó iyebíye, gíláàsì nípọn ni, irú èyí tí ọ̀gá ológun Faransé Alphonse Mangin gbé jáde ní 1876: ìtẹ̀sí iwájú rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹ̀yìn, fàdákà wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ń da ìmọ́lẹ̀ síwájú tààrà láìfọ́n ọn ká. Irin tó ń dán lásán ló wà nínú àwọn tí kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Bí a bá rí irin níbi tó yẹ kí dígí wà, a mọ̀ pé ti àkọ́kọ́ ti fọ́, wọ́n sì wá nǹkan fi dípò rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀. Àtùpà iwájú máa ń dúró lórí irin oníga méjì bíi fọ́ọ̀kì tó yọ láti ara férémù ọkọ̀. Àlàfo tó wà láàárín ìga méjèèjì yàtọ̀ láti ọkọ̀ sí ọkọ̀, àtùpà sì gbọ́dọ̀ bá a mu rẹ́gí láìsí pé wọ́n tẹ irin tàbí fi wáṣà kún un. Èmi ka ìwọ̀n yìí sí ẹ̀rí tó lágbára ju orúkọ lọ. Àtùpà ẹ̀gbẹ́ ní tirẹ̀ ní ọ̀tún àti òsì: ibi tí wọ́n ti gbé e kọ́ wà lódìkejì ara wọn, ilẹ̀kùn méjèèjì náà sábà máa ń ṣí lódìkejì. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ní gíláàsì pupa kékeré kan lẹ́yìn tó kọjú sí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ọkọ̀. Ẹni tó bá ra òsì méjì ti ra ìṣòro. Àtùpà ẹ̀yìn yàtọ̀ sí gbogbo wọn, nítorí gíláàsì pupa rẹ̀ kọjú sẹ́yìn, gíláàsì funfun kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń tan ìmọ́lẹ̀ sí nọ́ńbà ọkọ̀. Òun ló ṣọ̀wọ́n jù, nítorí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan kò ní ju ẹyọ kan lọ, ibi tó sì wà ni ẹrẹ̀ àti ìjàǹbá ti máa ń bà á.

Ford Model T, tó jáde ní oṣù kẹwàá 1908, ni àpẹẹrẹ tó dára jù láti fi kọ́ iṣẹ́ yìí, torí pé wọ́n ṣe é lọ́pọ̀ débi pé àyípadà kékeré gbogbo ti di ohun tí wọ́n ṣàkọsílẹ̀. Lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ púpọ̀ ni Ford ti ń ra àtùpà lẹ́ẹ̀kan náà, kí àìtó lọ́dọ̀ ẹnì kan má bàa dá iṣẹ́ dúró. Model T méjì tó jáde ní oṣù kan náà lè gbé àtùpà tó yàtọ̀ síra, ọ̀kan ti E&J, èkejì ti Brown, kí méjèèjì sì jẹ́ ojúlówó. Àwọn tó mọ ọkọ̀ yìí ń pe E&J 666 tàbí Brown 19 bí ẹni ń pe orúkọ ọmọ. Ní àwọn ọdún àkọ́kọ́, idẹ ni gbogbo ara àtùpà. Nígbà tó fi máa di 1913 àti 1914, irin tí wọ́n kùn ní dúdú ni ara àtùpà iwájú, etí rẹ̀ nìkan ni idẹ. Ọkọ̀ ọdún 1915 gba àtùpà iwájú oní-mànàmáná tó ń gba agbára láti ara ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, nítorí náà ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fi ń lọ sókè sódò bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń sáré, tí gílóòbù kan bá sì kú, èkejì á kú pẹ̀lú rẹ̀. Síbẹ̀ kẹrosíìnì ṣì wà nínú àtùpà ẹ̀gbẹ́ àti ti ẹ̀yìn. Ní 1917, idẹ lọ pátápátá. Ẹni tó bá wá gbé àtùpà idẹ tó ń tàn yanranyanran sójú Model T ti 1914 ti ṣe é lẹ́wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí Ford ṣe tà á nìyẹn.

Èyí ló mú wa dé ibi tí èdèkòyédè ti pọ̀ jù: kí ló túmọ̀ sí pé àtùpà jẹ́ ti ọkọ̀? Láwọn ọdún àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ta ọkọ̀ láìsí àtùpà lára rẹ̀ rárá. Owó àtùpà wà lọ́tọ̀, oníbàárà á sì yan èyí tó wù ú. Rolls-Royce kì í tilẹ̀ ṣe ara ọkọ̀ nígbà náà; ẹ́ńjìnnì àti férémù ló ń tà, tí oníbàárà á sì gbé e lọ sọ́dọ̀ akànmọ́tò. Ọkọ̀ olókìkí tí wọ́n pè ní Silver Ghost ní 1907, tí akànmọ́tò Barker kan ara rẹ̀, ní ohun èlò tí wọ́n fi fàdákà bò, torí pé bí wọ́n ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn. Fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sí àtùpà kan ṣoṣo tó tọ̀nà. Ohun tí a lè béèrè ni bóyá àtùpà náà wà lọ́jà ní ọdún tí ọkọ̀ jáde, bóyá ó bá ipò àti owó ọkọ̀ náà mu, àti bóyá ẹ̀rí kan wà pé ẹni tó kọ́kọ́ ni ín lò ó. Fọ́tò àtijọ́ ló ń dáhùn ìbéèrè kẹta yìí. Fọ́tò tí ìdílé yà níwájú ilé wọn ní 1911 wúlò fún mi ju àwòrán inú ìwé ìpolówó lọ, nítorí ilé iṣẹ́ a máa tún àwòrán èṣí lò fún ọkọ̀ ọdún tuntun. Ìwé iye owó ẹ̀yà ara ọkọ̀ sàn ju ìwé ìpolówó, torí pé àwọn tó ń ta ẹ̀yà nílò kí ohun tí wọ́n kọ jẹ́ òtítọ́.

Ayédèrú pọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ṣe láti fi tanni jẹ. Àwọn kan ṣe àtùpà tuntun láti ran ẹni tí kò rí ojúlówó lọ́wọ́, wọ́n sì sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn, púpọ̀ wọn láti Íńdíà, jẹ́ ohun ọ̀ṣọ́ ilé tí ẹlòmíràn wá ń tà bí ohun àtijọ́. Lẹ́tà orúkọ lára irú èyí sábà máa ń rí bíríbírí, nítorí ara àtùpà mìíràn ni wọ́n ti mú àwòṣe rẹ̀. Idẹ rẹ̀ nípọn níbi tí kò yẹ kó nípọn. Gíláàsì rẹ̀ dán láìní ìrunpọ̀ kankan. Sukúrúù ni mo máa ń kọ́kọ́ wò: orí sukúrúù ọdún 1910 jẹ́ onílà kan gbọọrọ. Èyí tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní onísítáà kò dé inú ọkọ̀ títí di nǹkan bí 1936. Bí ó bá wà lára àtùpà kan, bóyá àtùpà náà jẹ́ tuntun, bóyá ẹnì kan ti tú u tún ṣe. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, ó yẹ kí a béèrè.

Bíbó àtùpà ni mo bá àwọn olùkójọ kan jà lé lórí jù. Nígbà tó ń súnmọ́ 1912, níkẹ̀lì funfun ti gbòde, àwọn ọkọ̀ kan sì ti ilé iṣẹ́ jáde pẹ̀lú àtùpà tí wọ́n fi níkẹ̀lì bò. Ìran tó tẹ̀lé wọn fẹ́ràn idẹ, wọ́n bó níkẹ̀lì náà dànù. Ẹni tó bá fi ìmọ́lẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn àti abẹ́ àwo orúkọ yóò ṣì rí funfun rẹ̀ níbi tí kẹ́míkà kò dé. Nínù lójoojúmọ́ náà ń ṣe tirẹ̀: ó ń jẹ lẹ́tà, ó ń jẹ nọ́ńbà, títí àtùpà tó lè sọ ọdún àti ìlú rẹ̀ á fi di idẹ lásán. Mo gbà pé ó yẹ kí àtùpà mọ́ lọ́jọ́ ìṣàfihàn. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí inú, èéfín òkè, àmì irinṣẹ́ àkọ́kọ́ àti òjé tó jó o pọ̀, kí wọ́n fi sílẹ̀. Ibi tó tẹ̀ wọnú náà, bí kò bá ní kí iná máà jó, kí wọ́n fi sílẹ̀.

Púpọ̀ nínú àtùpà tó wà níta báyìí jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, torí pé nígbà tí wọ́n ń pín ogún tàbí tú ọkọ̀, ẹnì kan mú ọ̀tún, ẹnì kejì mú òsì. Àwọn olùkójọ tó gbọ́n máa ń ra ẹyọ tí wọn kò nílò bí owó rẹ̀ bá dára, wọ́n á ya fọ́tò orúkọ, nọ́ńbà, ẹsẹ̀ àti ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n á kọ ìwọ̀n àlàfo fọ́ọ̀kì rẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti rí i, wọ́n á sì gbé e dé ọjà tó ń bọ̀ láti fi ṣe pàṣípààrọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ní èkejì rẹ̀.